Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tí Kò Sẹ́ni Tó Ni Ín

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ gbé àpótí yẹn fún Bùkọ́lá, èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú yẹn, kó rọra fìdí lé e. Mo mọ̀ pé ẹ ti ń di ẹrù. Láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ tí ẹ ń wọ́ báàgì nílẹ̀, tí ẹ ń pariwo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ta ló mú áyọ́ọ̀nù mi, ta ló mú ṣájà mi. Inú yín ń dùn, ẹ ń lọ rí ìyá yín. Èmi ni inú mi ò dùn. Ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi, nítorí ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti ń gbé e mì: ẹ̀rù ìsinmi yín yìí ń bà mí. Bí ẹ bá lọ tán lọ́la, tí kẹ́ẹ̀tékà tuntun yẹn bá ti géètì, kò ní mọ̀ pé ènìyàn ṣì wà nínú ọgbà.

Dàmílọ́lá, má rẹ́rìn-ín. O ní ta ló lè gbàgbé mi. Wọ́n ti gbàgbé mi rí. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, yóò sá. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹ̀ ń gbé fún yín, torí lọ́ọ̀jì akẹ́kọ̀ọ́ lẹ mọ̀ ọ́n sí, ẹ ò mọ̀ ọ́n sí ilé.

Ilé tí wọ́n bí mi sí nìyí. Kì í ṣe pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí o. Ilẹ̀ tí pẹ́tẹ́ẹ̀sì yìí jókòó lé ni mò ń wí. Yàrá kékeré tí mo wà yìí, tí ẹ rò pé ilé ìdáná àtijọ́ ni nígbà tí ẹ kọ́kọ́ dé, òun nìkan ló ṣẹ́kù nínú agbo ilé wa. Ogiri alámọ̀ ni, bàbá mi ló mọ ọ́n, èmi ni mo fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nígbà tí ọwọ́ mi dẹ díẹ̀. Yàrá mẹ́tàdínlógún ló yí àgbàlá ká nígbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ kan ló sì gba iwájú gbogbo wọn kọjá. Bí òjò bá ń rọ̀, o lè rin ilé wa yípo kí ẹ̀kán omi kan má kàn ọ́ lórí. Ẹ̀yin ní sẹ́ẹ̀fù-kọ́n lónìí, kálukú pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ rẹ̀ àti ibi ìdáná rẹ̀ nínú yàrá. Ó dáa, mi ò sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ibà dá Bùkọ́lá dùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, ọjọ́ kẹta kí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ tó mọ̀. Láyé tiwa, bí o bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mẹ́rin á ti gbé àgbo dé, ìkarùn-ún á sì máa bèèrè ohun tí o jẹ.

Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí o, torí òun ló gbé mi dé ibi tí mo wà. Yàrá ní ẹni tó ni ín. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sẹ́ni tó ni ín. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń bá àwọn ọmọ àdúgbò ṣeré, wọ́n rẹ́ mi jẹ, mo bá pariwo pé kí wọ́n kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ìyá bàbá mi wà níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Ó ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta?" Mo ní tiwa ni. Ó ní, "Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ta?" Ó ní kí n lọ kan ilẹ̀kùn mẹ́tàdínlógún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí n máa sọ fún wọn pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sẹ́ni tó ni ín, kí wọ́n foríjì mí. Mo ń sunkún lọ, wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bu ẹ̀pà sí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo fi yípo tán, àpò ṣòkòtò mi ti kún. Lójú tiwa, ẹni tó bá lè la ẹnu pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni tòun, olójúkòkòrò ni, ó fẹ́ tú ilé ká. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń gbá a. Ẹni tí kò bá ríbi sá ẹ̀gẹ́ sí, ibẹ̀ ló ń sá a sí, kò ní tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ sì mọ̀ pé ibùdókọ̀ ojú irin kò jìnnà síbí. Nígbà tí rélùwéè ṣì ń ṣe bẹbẹ, a kì í wo aago nílé wa. Ọkọ̀ tó ń ti Kánò bọ̀ ló ń sọ fún ìyá mi pé kó gbé ọbẹ̀ kaná. Fàkà-fìkì, fàkà-fìkì, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, àwo orí pẹpẹ á máa kanra wọn. Bó bá sì pẹ́ dé, tí kì í ṣe ohun tuntun, àwọn èrò ojú ọ̀nà kì í dúró sí ibùdókọ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Wọn kì í bèèrè ẹni tó ni ín, torí ẹnu ọ̀nà wa ò ní ilẹ̀kùn. Wọ́n á tẹ́ ẹní, a ó fún wọn lómi, ìyá mi á se ọ̀dùnkún fún àwọn ọmọ wọn. Àwọn Gàḿbàrí alálùbọ́sà á fi ìwọ̀nba sílẹ̀ fún wa bí wọ́n bá ń lọ. Obìnrin kan bímọ níbẹ̀ rí, nígbà tó ń retí ọkọ̀ Èkó. Àwọn ìyá wa ló gbẹ̀bí, àwọn ló wẹ ọmọ náà fún ọjọ́ mẹ́jọ, wọ́n sọ ọ́ ní Abíọ́nà. Ìyá rẹ̀ gbé e wọ ọkọ̀ lọ, a ò sì tún fojú kàn wọ́n mọ́. Mo máa ń ronú kàn án, pé àgbàlagbà kan wà níbì kan tí kò mọ̀ pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni wọ́n bí òun sí.

Ọjọ́ kan ló wà tí àwọn alágbò dé. Iléyá ku ọjọ́ díẹ̀. Wọ́n so àgbò wọn mọ́ òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀, bàbá mi náà so tirẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ fọn fèrè, kálukú já ẹran rẹ̀, wọ́n sáré lọ. Ọjọ́ Iléyá la tó rí i pé èyí tí a fẹ́ pa yìí ní àmì dúdú lẹ́tí, tiwa kò sì ní. Àgbò wa ti wọ rélùwéè lọ Èkó! Bàbá mi wo ẹran náà títí, ó ní, "Tiwa ti lajú jù wá lọ." Wọ́n bi Lèmọ́mù bóyá ó tọ́ ká pa á, Lèmọ́mù ní tí àwọn yẹn bá ti pa tiwa lọ́hùn-ún, ká pa tiwọn níbí. Ẹ ò rí i, ẹ tún ń rẹ́rìn-ín. Ẹ máa rín in, ó dáa kí ọmọ máa rẹ́rìn-ín.

Nínú àgbàlá la ti ń jà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, etí lásán lẹ fi gbọ́ ọ. Yanrìn àgbàlá wa rọ̀, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọmọ àdúgbò ti ń wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáni kí ọjọ́ ọdún tó pé. Mo dá ọmọ Lèmọ́mù níbẹ̀ rí, gbì! Ṣùgbọ́n ṣòkòtò mi ló kọ́kọ́ balẹ̀ ṣáájú rẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ń sọ títí mo fi gbéyàwó. Lónìí, òkúta íńtálọ́ọ̀kì tí wọ́n tò sílẹ̀ yìí ni wọ́n fi bo yanrìn náà. Lábẹ́ rẹ̀ náà ni a sin ìyá Rìsíkátù ọmọ mi sí, aya mi. Ibi tí ẹ̀ ń gbé ọ̀kadà yín sí, lápá ọ̀dọ̀ táǹkì, ibẹ̀ ni. Ẹ má dìde, ẹ má tọrọ gáfárà, ẹ ò mọ̀. Èmi ni mo mọ̀, tí mo sì ń rí i láràárọ̀ tí epo ń kán sí i.

Iṣẹ́ káfíńtà ni mo ṣe. Kò sí ilé kan ní ìdajì àdúgbò yìí nígbà náà tí kì í ṣe èmi ni mo ṣe ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ń gbọ́ bí ilẹ̀kùn kálukú ṣe ń ké, mo sì mọ ẹni tó ń jáde. Nígbà tí Pólì bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò, tí àwọn ọmọ bíi tiyín ń wá yàrá kiri, inú wa dùn. Ènìyàn tuntun, ariwo tuntun. A fi wọ́n sí àwọn yàrá tí ẹni tó ni wọ́n ti lọ Èkó, a jọ ń jẹun, wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìṣirò. Kò pẹ́, àwọn tó lówó rí i pé ilẹ̀ tó sún mọ́ títì yìí ń sọ̀rọ̀ owó. Wọ́n ra ilé àwọn alágbẹ̀dẹ tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, wọ́n wó o. Wọ́n ra ti òsì, wọ́n wó o. Katapílà á dé láàárọ̀, bó bá fi máa di ọ̀sán, ibi tí ìran mẹ́rin ti jẹun á ti di ebè. Àyà mi bẹ̀rẹ̀ sí í já nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ariwo ńlá. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Irọ́ ni. Ojú mi ti rí púpọ̀, ó sì ń bẹ̀rù.

Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n kan, Mùtíù lórúkọ rẹ̀. Èmi ni mo rán an lọ sí ilé ìwé lẹ́yìn tí bàbá rẹ̀ kú. Ó dé lọ́jọ́ kan pẹ̀lú àwọn awọnlẹ̀ mẹ́ta, wọ́n gbé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń fi ojú kan wo inú rẹ̀. Mùtíù ní, "Bàbá, a fẹ́ ṣe ìwé ilé wa ni, kí ará ìta má baà wá gbà á mọ́ wa lọ́wọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi. Ẹ̀rù àwọn ará ìta yẹn ló ń bà mí, mi ò mọ̀ pé bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Mo mú ọ̀pá mi, mo ń tẹ̀ lé wọn. Wọ́n bi mí, ta ló ni yàrá yìí? Mo sọ. Ta ló ni èyí? Mo sọ, mo tún ń fi ìtàn sí i, wọ́n ń kọ ọ́. A yípo tán, ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin oníwà tútù báyìí, ó fi bírọ̀ nàka sílẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí àti àgbàlá ńkọ́? Ta ló ni wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi o, mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní, "Ọ̀dẹ̀dẹ̀? Ta ni yóò ni ọ̀dẹ̀dẹ̀? Kò sẹ́ni tó ni ín."

Ó ní, "Àgbàlá náà ńkọ́, Bàbá?"

Mo ní, "Òun náà kò sẹ́ni tó ni ín."

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mùtíù ní, "Ẹ ṣé, Bàbá." Mo sì gbàdúrà fún wọn kí wọ́n tó lọ. Mo ní ohun tí wọ́n kọ yìí, yóò bá wọn kalẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Nígbà tí ìwé dé, lọ́yà kà á fún wa. Orúkọ kálukú wà lórí yàrá rẹ̀, èyíinì tọ̀nà. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti àgbàlá, ìwé sọ pé àgbà ilé fẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí pé kò sẹ́ni tó ni wọ́n, nítorí náà Mùtíù tó ṣe ìwé ló ń tọ́jú wọn. Mùtíù sì ti tà wọ́n. Mo ní ká dúró ná, pé ohun tí mo wí ni pé gbogbo wa la ni ín. Lọ́yà yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ohun tí ẹ sọ kọ́ nìyẹn." Òótọ́ ló sọ, ohun tí mo sọ kọ́ nìyẹn. Àwa tí wọ́n bí síbẹ̀ nìkan ló lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń kàwé, ẹ ti rí ibi tó já sí. O ní yàrá, ṣùgbọ́n o ò ní ibi tí wàá gbà jáde nínú rẹ̀. Bí o bá gbé ẹsẹ̀ kan sí ìta, ilẹ̀ onílẹ̀ lo tẹ̀ yẹn. Kò pẹ́ tí àwọn tó ni yàrá fi bẹ̀rẹ̀ sí í tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan tà á lórí fóònù láti Èkó, wọn ò tilẹ̀ wálé wá wò ó. Mùtíù ò wá sílé mọ́, bí mo bá sì pè é, obìnrin inú fóònù ló ń dá mi lóhùn. Yàrá mẹ́rìndínlógún lọ, ó ku tèmi. Mo ní mi ò tà. Ọ̀gá tó rà á, tí mi ò rí lójú títí dòní, ó ní kí wọ́n fi bàbá sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ilé yí i ká. Wọ́n kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ tí katapílà fi ń ṣiṣẹ́, mo jókòó sórí ibùsùn, mo fi ẹ̀yìn ti ogiri, mo ń ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Eruku ń já láti òrùlé sí mi lórí. Mo mọ̀ pé bí awakọ̀ náà bá ṣi ọwọ́ gbé báyìí, ó parí nìyẹn.

Rìsíkátù ọmọ mi ní kí n máa bọ̀ ní Ìbàdàn. Ó ń sunkún lórí fóònù. Ọmọ rere ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo mọ̀: lọ́jọ́ tí mo bá kúrò níbí fún ọ̀sẹ̀ kan péré, n ò ní bá ògiri yìí mọ́. Àyè tí mo jókòó sí yìí nìkan ló jẹ́ kí Rìsíkátù lè sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé ilé bàbá òun wà ní Ọ̀fà. Mo ń fi ìdí mi di ilé mú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ti ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá. Ẹ̀yin méjì ò tíì dé ibí nígbà náà. Ganíyù ni kẹ́ẹ̀tékà, ẹ mọ̀ ọ́n, kò ní ìkà nínú. Wọ́n fún un ní ìwé tí nọ́ńbà yàrá wà nínú rẹ̀, ọ̀kan títí dé mẹ́rìnlélógún. Yàrá tí ó bá ti ṣófo, yóò fàmì sí i. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ìbàdí ń dùn mí, mo sùn padà lẹ́yìn ìrun ìdájí. Mẹ́rìnlélógún pé lọ́wọ́ Ganíyù. Ó dí ẹnu omi táǹkì kó má baà jò, ó fi àgádágodo sí géètì láti ìta, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ Ilémọnà, ìlú ìyá rẹ̀.

Mo wẹ̀, mo wọ agbádá mi, mo fẹ́ lọ kírun Jímọ̀. Mo dé ẹnu géètì, mo tì í, kò mì. Mo rò pé ó há ni. Mo tún tì í. Ìgbà yẹn ni mo rí ẹ̀wọ̀n tó gba àárín rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi tí mo ṣe ilẹ̀kùn fún gbogbo àdúgbò! Mo fẹ́ pe Ganíyù, fóònù mi ti kú, kò sí iná. Mo ké síta. Àdúgbò tó jẹ́ pé bí mo bá sín láyé àtijọ́, ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n ti ń kí mi, kò sẹ́ni tó dáhùn. Lọ́ọ̀jì ló wà lọ́tùn-ún, lọ́ọ̀jì ló wà lósì, lọ́ọ̀jì ló wà níwájú, gbogbo ọmọ ti lọlé. Mo ké títí ohùn mi fi há. Ògiri ga, ìgò fífọ́ ló wà lórí rẹ̀. Gààrí wà nílé, omi ni ò sí. Omi àlùwàlá tó kù nínú kẹ́tù ni mo mu. Mo ń mu ún díẹ̀díẹ̀, mo ń ro ó pé bí mo bá kú síbí, òórùn ni yóò júwe mi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Má bojú jẹ́, Bùkọ́lá. Mo ń sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni mo gbọ́ ohùn obìnrin Fúlàní tó ń kiri wàrà. Mo sáré dé géètì, ìyẹn bí àgbà bíi tèmi ṣe lè sáré. Mo fi ẹnu sí ihò tí ẹ̀wọ̀n gbà kọjá, mo ní, "Ọmọ mi, ràn mí lọ́wọ́." Ó pariwo, ó sá lọ! Ó rò pé òkú ló ń pe òun nínú ilé tí kò sẹ́ni. Mo jókòó sílẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ṣé ẹ ti rí àgbà tó ń sunkún rí? Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ọ̀kadà méjì tí wọ́n dúró, ọmọbìnrin náà ń sọ fún wọn pé, "Ibẹ̀ nìyẹn, ibẹ̀ nìyẹn." Àwọn ọlọ́kadà ló fi òkúta fọ́ àgádágodo. Ọmọ náà fún mi ní wàrà, kò gba nǹkan kan.

Nígbà tí Ganíyù dé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀yìí. Ó ní, "Bàbá, mo wo ìwé, nọ́ńbà pé. Ẹ ò sí nínú ìwé ni." Ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì mú ọ̀rọ̀ wá. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ilẹ̀kùn mi, mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, wọ́n á fi mí sínú ìwé, wọn ò sì ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi títí màá fi kú. Mo ní kí ló wá kù? Ojú ti Ganíyù. Ó ní ọ̀gá sọ pé ẹni tó bá ti gba nọ́ńbà, ayálégbé ni, pé bí mo bá ti kú, yàrá á padà sọ́wọ́ lọ́ọ̀jì. Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé wọn kì í kọ nọ́ńbà sí ilé bàbá ẹni. Mo sọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ, inú mi dùn sí ara mi. Láti ìgbà náà, Ganíyù fúnra rẹ̀ ló ń rántí mi, kì í ti géètì láìkọ́kọ́ wá kan ilẹ̀kùn.

Ganíyù ti lọ, ẹ mọ̀. Ọjọ́ Ajé ni tuntun yìí dé. Mo kí i, ó dáhùn, ó sì bi ẹnìkan lẹ́yìn mi pé ṣé ohun kan ni bàbá yẹn ń tà níbí. Bùkọ́lá bá mi sọ fún un lánàá pé mò ń gbé inú ọgbà. Sọ ohun tó fi dá ọ lóhùn fún Dàmílọ́lá.

O gbọ́ ọ? Ó ní, "Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún mi."

Mo ti ro ó síwá, mo ti ro ó sẹ́yìn. Bí mo bá bá yín jáde lọ́la, mi ò ní rílé bá. Bí mo bá dúró, ẹ̀wọ̀n á tún gba àárín géètì, ta ló sì mọ̀ bóyá ọmọ oníwàrà á tún gba ibí kọjá. Mo rò pé màá lè fara dà á. Mo rò pé àgbà tó ti gbó báyìí kò yẹ kó bẹ̀rù ikú mọ́. Kì í ṣe ikú. Géètì yẹn ni. Bí mo bá ti ronú kàn án pé mo tún ń tì í tí kò mì, màá dìde lóru lọ tì í wò.

Dàmílọ́lá, ìwọ lo máa ń kọ pátákó fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Ọ̀dà funfun rẹ ṣì kù? Lọ gbé e wá. Má wò mí bẹ́ẹ̀, lọ gbé e wá kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ó dáa. Nu ilẹ̀kùn yẹn kí o tó bẹ̀rẹ̀, eruku wà lára rẹ̀. Àárín gan-an ni kí o kọ ọ́ sí. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Kọ ọ́ gàdàgbà, kí ọkùnrin yẹn lè rí i láti ẹnu géètì, kó sì fi mí sínú ìwé rẹ̀.

Bùkọ́lá, fóònù mi wà lórí ibùsùn, bá mi pe Rìsíkátù, kí n sọ fún un.

Rárá, má tíì pè é. Jẹ́ kó kọ ọ́ ná.